Bí mo ṣe pe aṣojú onílé lẹ́jọ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Dublin

Aṣojú onílé kan ní Dublin gbọ́ ohùn mi lórí fóònù, ó béèrè ibi tí mo ti wá, mo ní Nàìjíríà, ó sì ní ilé ti lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ọmọ Írẹ́lándì pọ́ńbélé, pe nọ́ńbà kan náà, wọ́n sì ní kí ó máa bọ̀ wá wo ilé. Ibi tí ó jìnnà ni mo padà gba ilé sí, owó ọkọ̀ sì ń gbọ́n àpò mi gbẹ lóṣooṣù.

Òfin ìbádọ́gba ti Írẹ́lándì, Equal Status Act ti ọdún 2000, ni mo fi pè wọ́n lẹ́jọ́. Ó ka ẹlẹ́yàmẹ̀yà léèwọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé, ọjà àti ilé-ẹ̀kọ́; òfin mìíràn ni ó wà fún ibi iṣẹ́. Àṣẹ 2000/43 tí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù pa lọ́dún náà sì mú irú òfin bẹ́ẹ̀ ní dandan fún gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àjọ náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ẹjọ́ lọ sí Workplace Relations Commission, àjọ tí ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù ES.1, ìwé tí ẹ fi ń sọ ẹ̀sùn yín, ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ̀sùn kàn, láàárín oṣù méjì sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Kíkọ fọ́ọ̀mù náà kò le rárá.

Orúkọ ni ó dá mi dúró. Orúkọ ìnagijẹ ni ó wà lára pátákó wọn, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí òfin mọ̀, tí ó yẹ kí n kọ sórí fọ́ọ̀mù, kò sì hàn níbì kankan. Mo pè wọ́n, wọ́n ní ọ̀gá kò sí nílé. Mo kọ ímeèlì, èsì tí ẹ̀rọ ń fọ̀n jáde fúnra rẹ̀ ni mo rí gbà. Mo fẹsẹ̀ ara mi lọ sí ọ́fíìsì wọn, obìnrin tí ó jókòó síwájú sì fi ìwé ìpolówó kan lé mi lọ́wọ́, orúkọ pátákó yẹn náà ni ó tún wà lára rẹ̀! Gbogbo àkókò yìí, oṣù méjì ń ṣàn lọ. Lóòótọ́, àjọ tí ń gbọ́ ẹjọ́ lè sún un di oṣù mẹ́rin bí ìdí bá wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ẹjọ́ rẹ̀ sábẹ́ àánú ẹlòmíràn? Ibi àkọsílẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́, Companies Registration Office, ni mo ti wá rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì: orúkọ tí kò jọ ti pátákó rárá, àti àdírẹ́sì tòótọ́. Mo kọ orúkọ méjèèjì, mo fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ bíi lẹ́tà àkọsílẹ̀ ní An Post, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀, mo sì tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ bí ẹni tọ́jú ìwé ilẹ̀.

Wọn kò fèsì, òfin sì gba ẹni tí ń gbọ́ ẹjọ́ láyè láti ka ìdákẹ́jẹ́ wọn sí wọn lọ́rùn. N kò san owó kankan láti pe ẹjọ́, n kò sì gba lọ́yà; àwọn gba ti wọn. Lọ́yà wọn ní wọ́n ti ṣèlérí ilé náà fún ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ mi jókòó síbẹ̀, ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi pè é wá wo ilé. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rí tèmi ti fi ìwà náà hàn, ọwọ́ wọn ni àlàyé bọ́ sí, wọn kò sì lè dárúkọ ẹlòmíràn náà. Mo jàre, orí mi sì wú gidigidi, ṣùgbọ́n owó gbà-má-bínú tí wọ́n san fún mi kò sún mọ́ €15,000 tí òfin fi ṣe òpin.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ gba orúkọ ilé-iṣẹ́ tí òfin mọ̀ lẹ́nu wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ẹnu dídùn bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ sì rí i pé ọ̀rẹ́ tí yóò bá yín pè wọ́n gba èsì ní àtẹ̀jíṣẹ́, kì í ṣe lẹ́nu lásán.