Ohun tó ń jẹ owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Custom Robo Arena

Custom Robo Arena jẹ́ géèmù ìjà róbọ́ọ̀tì fún Nintendo DS, ẹ̀rọ géèmù kékeré tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́. Ara, ìbọn, bọ́ǹbù, pod (ohun ìjà kékeré tí róbọ́ọ̀tì ń tú síta) àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń to róbọ́ọ̀tì. Owó tí àwọn ọmọ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ń dà nù kí wọ́n tó dé ojú ìjà ló ń dùn wá, àti ìjà tí wọ́n ń pàdánù nítorí wọn ò fara balẹ̀ ka ohun tó wà níwájú wọn.

1. Rírà káàdì géèmù tí wọ́n ṣe fún Japan. Káàdì géèmù yìí láti ibikíbi ń ṣiṣẹ́ nínú DS yòówù, àní nínú 3DS tó jáde lẹ́yìn DS pàápàá. Nítorí náà, òótọ́ ni ẹni tó ń tà á ń sọ tó bá ní "ó ń ṣiṣẹ́". Ṣùgbọ́n èdè Japan ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Èyí tó jáde ní Yúróòpù lọ́dún 2007 ni kí ẹ wá.

2. Chargeur, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń gba iná sí DS. Iná ilé wa 220 volt ni, ti Japan sì jẹ́ 100. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn: bó bá jẹ́ 100V nìkan tàbí 120V nìkan, ẹ má kì í bọ ògiri, jíjó ni yóò jó. Ẹ tún rántí pé ihò chargeur DS Lite yàtọ̀ sí ti DSi (irú DS méjì ni wọ́n). DSi àti 3DS ló ń lo irú kan náà.

3. Rírà DS Lite láìtẹ bọ́tìnnì L àti R. Àwọn méjèèjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú, àwọn ni wọ́n sì fi ń ju bọ́ǹbù àti pod. Kí ẹ tó ka sẹ́fà kankan sílẹ̀ ní ọjà Ouando, ẹ tan géèmù, kí ẹ tẹ wọ́n léraléra, kí ẹ sì wo ibi tó ti ń ṣẹ́ po lápá ọ̀tún bóyá ó ti sán.

4. Ìjà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nintendo, ilé-iṣẹ́ tó ṣe DS, ti pa á ní oṣù karùn-ún ọdún 2014. Ẹni méjì tó jókòó ti ara wọn ṣì lè jà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìbọn. Gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, agbára ìbọn nìkan ló ń wò. Ohun márùn-ún ni ẹ ó wò: agbára, eré ọta, bí ọta ṣe ń tọ ọ̀tá lẹ́yìn, bí ìbọn ṣe ń tètè kún padà, àti bó ṣe ń tètè gbé ọ̀tá ṣubú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọn kì í bìkítà fún, òun gan-an ló sì ń pa wọ́n. Róbọ́ọ̀tì tó ṣubú, tó sì ń dìde, kò sí ohun tó lè pa á lára fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ọta yín àkọ́kọ́ bá ti gbé e ṣubú, ìsinmi lẹ fún un. Ẹ wá ìbọn tí kì í tètè gbéni ṣubú, kí bọ́ǹbù tàbí pod kọ́kọ́ bà á kó lè dúró gbagidi, kí ìbọn wá tẹ̀ lé e kó tó ráyè gbéra. Bọ́ǹbù ń fò kọjá ògiri, ìbọn púpọ̀ kò lè ṣe é. Nítorí náà, bọ́ǹbù ni kí ẹ fi lé ẹni tó fara pamọ́ jáde.

Ẹ tún dán ìbọn kọ̀ọ̀kan wò lórí ilẹ̀ àti nígbà tí ẹ bá fò sókè, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń yìn lọ́nà méjì tó yàtọ̀. Ìbọn 3-Way, ẹ súnmọ́ ọ̀tá kí ọta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè bà á. Látòkèèrè, wọn á fọ́n ká. Bí ẹ bá ń yìn, ẹsẹ̀ yín ti dúró nìyẹn, ẹ̀yin náà ti di ohun àfojúsùn.

Fífò láìnídìí: ìgbà tí ẹ bá balẹ̀ ni wọ́n ń pa yín.

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ yàn gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ẹ ti mọ̀ bóyá ilẹ̀ lẹ ó ti máa jà tàbí òkè. Ẹsẹ̀ Formula ń mú eré ilẹ̀ pọ̀, ó sì ń dín fífò kù, kò wúlò fún ẹni tí ìbọn rẹ̀ dára lókè.

Róbọ́ọ̀tì ń dọ̀tí bó bá ti ń jà, ẹ sì ní láti nù ún lójú DS. Kálàmù DS ni kí ẹ lò. Ẹ má fi bírò ṣe é, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku ti bo gbogbo nǹkan. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ rírọ̀ nu ojú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á họ.