Ṣòkòtò Kẹ̀kẹ́ Tó Fẹ́ Sọ Mí Di Onígbèsè Ní Àkúrẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dárúkọ owó, torí òun ló ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ṣòkòtò kékeré kan tí wọ́n fi ń gun kẹ̀kẹ́, tí kò tiẹ̀ bo orókún, ẹni tó tà á gba 28,000 náírà lọ́wọ́ mi, mo ní kò burú, àmọ́ nígbà tó fi máa ṣeé wọ̀ jáde nílé, 51,500 ni mo ti ná. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ márúwá ni mò ń wí o, ológeere ni, èyí tá a ń fẹsẹ̀ wà. Tí mo bá sọ owó yẹn létí ìyá mi, wọ́n á ní ṣé agbádá ni mo rán ni.

Mi ò ní jókòó máa ṣàlàyé ìdí tí èèyàn fi nílò ṣòkòtò tó ní páàdì, ìyẹn fóòmù tí wọ́n rán mọ́ ibi ìdí ẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ jíìnsì gun kẹ̀kẹ́ láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè rí, tó tún gùn ún padà, ìdí ẹ̀ ti ṣàlàyé fún un. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: kò sí pátá lábẹ́ ẹ̀ o. Páàdì yẹn gbọ́dọ̀ kan ara tààrà, torí ojú rírán pátá ló máa ń ha èèyàn tí ẹsẹ̀ bá ti ń lọ tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ pátá sábẹ́ ẹ̀, ẹ kàn fi owó páàdì ṣòfò ni.

Irú tó ní okùn èjìká ni mo rà, torí kì í ní rọ́bà tó ń gé èèyàn níkùn, kì í sì í sún wálẹ̀ lẹ́yìn téèyàn bá tẹ̀ ba. Mo fún ẹni tó ń tà á ní ìwọ̀n ìbàdí mi ní ínṣì, ó ní láàjì máa gbà mí dáadáa, kí n fọkàn balẹ̀. Ó dé páàkì, mo san 5,500 fún wébíìlì, mo gbé e délé, mo wọ̀ ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, láàjì ọmọ praimárì ni. Mo pè é. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má nàró, ẹ tẹ̀ bíi pé ẹ wà lórí kẹ̀kẹ́, ẹ máa rí i pé ó máa jókòó." Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ o, bí wọ́n ṣe ń gé irú ṣòkòtò yẹn nìyẹn, ó máa ń fa èjìká téèyàn bá dúró, ó sì máa ń bá ara mu téèyàn bá tẹ̀. Mo tẹ̀. Èémí ò gba ibì kankan wọlé. Mo ní kó jẹ́ kí n dá a padà, ó ní ọjà tó bá ti kúrò ní Èkó kì í padà sí Èkó.

Páàdì inú ẹ̀ ni ò jẹ́ kí n fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Mi ò ní purọ́, páàdì yẹn dáa: fóòmù ẹ̀ nípọn níbi tí eegun ìdí méjèèjì ti ń kan ìjókòó, ó wá fẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà máa bó èèyàn nítan. Mo bá rò ó pé kí wọ́n tú páàdì yẹn jáde, kí wọ́n fi rán ṣòkòtò míì tó gba èmi. Mo ra láíkírà dúdú, aṣọ tó máa ń nà yẹn, 4,500 ní Ọjà Ọba, mo kó gbogbo ẹ̀ lọ bá tẹ́lọ̀.

Ibí gan-an ni ẹjọ́ mi wà.

Tẹ́lọ̀ yìí mọ agbádá rán, ẹ má jẹ̀ẹ́ n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ọrùn aṣọ tó bá fọwọ́ kàn, wàá fẹ́ máa wò ó ni. Ó gba 6,000, ó ní kí n wá ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ tí mo dé ibẹ̀, iná ò sí. Mo padà wá, ọmọọṣẹ́ tó mọ ibi tí páàdì wà ti lọ síbi ìgbéyàwó. Mo tún padà wá, aṣọ ẹbí òkú kan ní Ìta-Ògbólú ti bo gbogbo ṣọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀, èèyàn ò rí maṣíìnì gan-an mọ́, ó ní "Brọ̀dá, ẹ ṣáà máa bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀," mo ní Ọjọ́bọ̀ wo, ó rẹ́rìn-ín. Ó dé ibi tó jẹ́ pé àwọn ọmọọṣẹ́ ẹ̀ ti ń fa bẹ́ǹṣì fún mi kí n tó kí wọn tán. Ọjọ́ kan ni mo rí i pé wọ́n ti fi páàdì mi ṣe ìrọ̀rí abẹ́rẹ́, wọ́n gún abẹ́rẹ́ àti píìnì sí i lára rẹpẹtẹ! Páàdì tí mo torí ẹ̀ san wébíìlì. Mo fi ọwọ́ ara mi yọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún tẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí ẹ ò lè rò ó wò bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Ó rán an tán ṣá. Ó rẹwà lójú. Mo wọ̀ ọ́, mo gba ọ̀nà Ìdànrè ní òwúrọ̀ Sátidé, mo ń yan fanda, bí mo ṣe dé ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè tí mo dìde dúró lórí pẹ́dà, mo gbọ́ fàààà. Ẹ̀yìn ló ya, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Sẹ́ẹ̀tì tí mo so mọ́ ìbàdí ló bò mí láṣìírí délé.

Mo gbé e padà, ẹ mọ ohun tó sọ? "Brọ̀dá, ó dà bíi pé ẹ ti sanra sí i."

Ọ̀rọ̀ ò sí nínú sísanra. Láíkírà ń nà, òwú ò ń nà. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú aṣọ yẹn, iléeṣẹ́ DuPont ló ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1958, nínàá tó ń nà tó tún ń sún padà ni iṣẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fi ìrán gbọọrọ kàn án bíi ti ṣòkòtò ṣóró, ọjọ́ tí aṣọ bá nà ni òwú máa já, kò lè ṣe kó má já. Sígísáàgì ló yẹ, torí ìrán tó bá ń pẹ́kọrọ ní àyè láti bá aṣọ nà. Maṣíìnì rẹ̀ ò sì ní sígísáàgì. Kò sọ fún mi! Gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀, kò sọ fún mi pé maṣíìnì òun kì í ṣe ti irú aṣọ yẹn.

Ẹni tó yọ mí ni màmá kan lẹ́yìn Ọjà Ọba tó ń rán jásì eré ìdárayá fún àwọn ilé ìwé àti aṣọ àwọn ọmọ oníjó. Wọ́n fa ojú rírán yẹn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pòṣé, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló fi òwú agbádá ba tìẹ jẹ́ báyìí?" Wọ́n tú u, wọ́n pààrọ̀ abẹ́rẹ́ sí èyí tí ẹnu ẹ̀ ò mú, èyí tó ń yọ́ gba àárín òwú kọjá dípò kó já a, wọ́n rán an ní sígísáàgì, wọ́n fi weaving pa etí ẹ̀, wọ́n tẹ́ páàdì pẹrẹsẹ tí kò sí ibi tó ká. 7,500. Mo ń jẹ bọ̀ọ̀lì lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n parí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rán tiyín, ẹ má bèèrè bóyá tẹ́lọ̀ mọṣẹ́, ẹ bèèrè irú maṣíìnì tó ní, kẹ́ ẹ sì fa ojú rírán ẹ̀ tagbáratagbára níwájú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ó wù ú kó máa wò yín níwòkuwò.

Ṣòkòtò yẹn, mo wọ̀ ọ́ lọ sókè Ìdànrè, mo wọ̀ ọ́ gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀, àwọn tá a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ ń bi mí iléeṣẹ́ wo ni, mo ní ti ẹ̀yìn Ọjà Ọba ni. Inú mi ń dùn.

Ní ti ojú ọjọ́ wàyí, ti oòrùn ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kúkúrú ni, kó sì jẹ́ dúdú. Ẹnìkan máa ní dúdú ń fa ooru, òótọ́ ni, àmọ́ funfun tí òógùn bá ti rin ín, gbogbo ayé á máa wo inú. Dúdú sì ń bo gíríìsì ṣéènì. Tí mo bá máa gba Ọba Adésídà kọjá, mo máa ń fi níkà tó ṣò sókè ẹ̀, torí mi ò fẹ́ wàhálà àwọn ìyá ọlọ́jà, ọ̀kan ti bi mí rí bóyá aṣọ mi ṣẹ́ kù sílé.

Ti òjò ni wọ́n ti ń tan èèyàn jẹ jù. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ ra ṣòkòtò rọ́bà bíi ti àwọn ọlọ́kadà. Ọlọ́kadà jókòó ni, ẹ́ńjìnì ló ń ṣiṣẹ́. Lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ̀yin lẹ ni ẹ́ńjìnì. Mo wọ ọ̀kan láti Ọba-Ilé dé Alágbàká nínú òjò oṣù kẹfà, nígbà tí mo bọ́ ọ, omi inú ẹ̀ pọ̀ ju tìta lọ, òógùn mi ni gbogbo ẹ̀. Òjò wa ò fi bẹ́ẹ̀ tutù, awọ ẹsẹ̀ sì máa ń gbẹ kíákíá ju aṣọ èyíkéyìí lọ, nítorí náà kúkúrú náà ni. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra rọ́bà yẹn, ẹ fi ra mọ́dígáàdì ẹ̀yìn, torí ẹrẹ̀ tó ń ta sókè láti táyà ló ń ba ìdí ṣòkòtò jẹ́. Ẹ má wọ kọ́tìnnì nínú òjò ṣá, á mumi yó, á wúwo, á máa ha yín nítan. Tẹ́ ẹ bá sì ti dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ẹ bọ́ ọ kíá. Páàdì tútù téèyàn jókòó lé nínú búkà ló ń mú kí eéwo sọ síni nídìí.

Ọyẹ́ ló ní ọgbọ́n tiẹ̀. Òwúrọ̀ tutù, kùrukùru bo òkè, orókún ò sì ní ẹran lára, òun ló kọ́kọ́ ń mọ òtútù; kó tó di ọ̀sán, oòrùn ti ń sun èèyàn. Ṣòkòtò gígùn á wá di ìyà. Àwọn òyìnbó ní àpò ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń fà wọ̀ láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, tí wọ́n ń bọ́ kúrò tára bá ti móoru, àmọ́ owó ẹ̀ ò dáa. Mo ra sọ́ọ̀sì bọ́ọ̀lù gígùn ní òkìrìkà, mo gé àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ dà nù, mo fà á kọjá orókún, mo ki etí ẹ̀ bọ abẹ́ ṣòkòtò kó má baà máa yọ̀ wálẹ̀. Tí ooru bá dé, mo bọ́ ọ sápò. Ṣòkòtò tí wọ́n fi irun tẹ́ inú ẹ̀ tẹ́ ẹ máa rí ní òkìrìkà kan náà, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, òtútù Yúróòpù ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ má sì ra èyí tó ní páàdì ní òkìrìkà rárá, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Fóòmù ẹ̀ ti kú. Láyé àtijọ́, awọ ẹran kan bí ewúrẹ́ tó ń gbé orí òkè ní Yúróòpù ni wọ́n fi ń ṣe páàdì, tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ ó máa ń le gbagidi, wọ́n gbọ́dọ̀ fi òróró rọ̀ ọ́ kí wọ́n tó tún wọ̀ ọ́. Páàdì òkìrìkà tí mo tẹ̀ wò le ju ìyẹn lọ.

Fífọ̀ ẹ̀: omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, ẹ yí inú ẹ̀ síta, ẹ sá a síbi ibòji. Bílíìsì máa pa láíkírà, oje tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ náà ò dáa fún un, áyọ́ọ̀nù ò gbọ́dọ̀ kàn án. Àbúrò mi ti gbé áyọ́ọ̀nù sórí tèmi rí, ó ní òun fẹ́ tẹ́ ibi tó ká. Mo pariwo tó fi jẹ́ pé lándìlọ́ọ̀dù jáde.