Téèpù mi àti ẹ̀rọ BP: bí ẹ ṣe lè yẹ ọkàn yín wò láì ná owó rẹpẹtẹ

Aránsọ ni mí ní Arákàlé, l'Ákùúrẹ́. Ẹni tó bá ti ń wọn aṣọ fún èèyàn pẹ́ á ti rí ikùn tó ń yọ kí oníkùn fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ikùn ńlá sì lè kó ọkàn sí ewu. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí ẹni tó bá fẹ́ yẹ ọkàn rẹ̀ wò ti orí téèpù bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wọn gíga yín ní ínǹṣì, ẹ pín in sí méjì. Ẹni tó ga ní ínǹṣì 64, kí yíká ikùn rẹ̀ má dé 32. Kì í ṣe ibi tí ẹ ń so ìró mọ́ o! Àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí ni. Ẹ mí síta jẹ́ẹ́ kí ẹ tó kà á. Àwọn ọkùnrin fẹ́ràn kí wọ́n máa fa ikùn sínú níwájú mi. Ara wọn ni wọ́n ń tàn.

Ó wá ku BP, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń wò ó ní ilé kẹ́místì, ṣùgbọ́n ẹ má ti inú oòrùn Ọjà Ọba dé kí ẹ kàn na apá. Ẹ tọ̀, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́lẹ̀. Kí obì, kọfí àti sìgá ti jìnnà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí apá bùbá bá fún, ẹ bọ́ ọ. Tí ẹ bá ká a sókè, ó ń fún apá yín pa, òǹkà á sì yí. Ẹ gbé apá lé tábìlì, kó bá àyà dọ́gba. Ẹ má sọ̀rọ̀, kódà bí nọ́ọ̀sì bá ń béèrè ọmọ. Kí wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà méjì ni ẹ̀rọ máa ń gbé jáde: bí tòkè bá ń dé 140 tàbí tìsàlẹ̀ 90 ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ má dúró de ẹ̀fọ́rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà pariwo.

Ẹ tún bi àwọn àgbà ilé. Bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí àìsàn ọkàn mú kó tó pé 55, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n obìnrin kó tó pé 65, ọ̀rọ̀ kàn yín nìyẹn. Wọ́n á ní "ó sùn, kò jí", tàbí pé ayé ló ṣe é. Ẹ rọra wádìí: ṣé ó di àyà mú? Ṣé ó làágùn?

Bí àyà bá ń fún yín nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, tó sì ń dẹ̀ bí ẹ bá dúró, ẹ lọ rí dókítà, bí BP tilẹ̀ dára. Èyí tí kò bá dẹ̀, tó ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n pẹ̀lú òógùn, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má wá àgbo lọ.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ orí, ìwọ̀n ara, àti bóyá ẹ ń mu sìgá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe àtẹ kan jáde ní 2019 tí dókítà lè fi ṣírò ewu ọkàn yín fún ọdún 10 láìfa ẹ̀jẹ̀. Ẹ ní kó fi wò yín.