Bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí oró ewéko ti ba iná inú iṣan jẹ́

Tí wọ́n bá gbé gíráàfù iṣan tí oró ewéko ti kàn síwájú yín (ìlà tó ń fi hàn bí iná inú iṣan ṣe ń lọ sókè sódò, abẹ́rẹ́ gíláàsì tí wọ́n gún bọ inú iṣan ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n), ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í méfò orúkọ ewéko o, ìlà yẹn fúnra ẹ̀ ló máa sọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìlà wà nígbà tí iṣan ò ṣe nǹkankan. Iṣan apá tàbí ẹsẹ̀ tó ń sinmi máa ń wà ní bíi −90 mV (mílífóòtì, òṣùwọ̀n iná kékeré), torí pọtásíọ̀mù ló pọ̀ nínú, sódíọ̀mù ló pọ̀ níta, pọ́ńpù kan sì wà tó ń ti sódíọ̀mù 3 jáde tó ń fa pọtásíọ̀mù 2 wọlé ṣáá.

Tí −90 yẹn bá dúró digbí, àmọ́ tẹ́ ẹ fi iná kan nẹ́ẹ̀fù (okùn tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún iṣan) tí iṣan ò mì, ẹ fura sí oró ewéko tí wọ́n ń pè ní curare. Ẹ wá fi iná kan iṣan gangan. Tó bá súnkì, kò sí nǹkan tó ṣe iṣan fúnra ẹ̀, ibi tó ti ń gba iṣẹ́ tí nẹ́ẹ̀fù ń jẹ́ fún un ni wọ́n dí. Claude Bernard, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ti fi àkèré ṣe irú ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1850 sókè, lójú tèmi kò sí ẹ̀rí tó mọ́ tó yẹn.

Tí ìlà bá ń gun òkè lọ sí 0 ńkọ́? Aconitine àti veratridine, oró ewéko méjì, kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn sódíọ̀mù (ihò tí sódíọ̀mù ń gbà wọnú iṣan) tì, iṣan á kọ́kọ́ máa gbọ̀n rìrì, lẹ́yìn náà á rọ pátá, torí tí iná bá ti wà lókè bẹ́ẹ̀ pẹ́, àwọn ilẹ̀kùn tí oró ò tiẹ̀ kàn náà ò ní lè ṣí mọ́. Ẹ fi tetrodotoxin sí i (oró ẹja nìyẹn, kì í ṣe ti ewéko), tí ìlà bá padà sísàlẹ̀, ilẹ̀kùn sódíọ̀mù ni. Tí kò bá padà, tó sì jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè, ẹ wo ọ̀dọ̀ pọ́ńpù, oró ewéko tó ń jẹ́ ouabain ló máa ń dá a dúró, bíi bátìrì tí ò rí ṣájà.

Ryanodine, oró ewéko míì, ní tiẹ̀, ẹ lè máà rí nǹkankan lórí ìlà, iṣan á kàn le gbagidi torí kálísíọ̀mù inú ẹ̀, tó máa ń mú iṣan súnkì, ló ń jò kúrò níbi tó kó o pa mọ́ sí.

Tí ìlà bá sì fò lọ sí 0 lẹ́ẹ̀kan náà, abẹ́rẹ́ gíláàsì yín ló ṣeé ṣe kó ti yọ, ẹ tún un gún.