Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Òkúta Rìn Nínú Bàsíà, Bíi Ti Death Valley

Ní Death Valley, ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, adágún gbígbẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Racetrack Playa. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní tí a tẹ́ síta. Òkúta fọ́n ká sórí rẹ̀, òmíràn wúwo ju ohun tí ọkùnrin mẹ́ta lè gbé lọ. Ẹ̀yìn wọn ni ipa gígùn wà nínú amọ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi okùn wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀, ti èèyàn tàbí ti ẹranko.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí gan-an, torí ọwọ́ ara ẹni lèèyàn fi lè wá ìdí rẹ̀. Ralph Lorenz, onímọ̀ nípa àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, ti dán an wò nínú ike oúnjẹ lásán. Ohun tó ṣe ni a fẹ́ ṣe.

Ẹ wá òkúta tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Bó bá tóbi, yìnyín kò ní lè gbé e. Ẹ gbé e sínú ike tí ìdí rẹ̀ tẹ́, tó fẹ̀ tó ọwọ́ tí a là sílẹ̀, kí ẹ bu omi sí i títí orí òkúta nìkan á fi yọ díẹ̀. Ó di inú fíríìsà, títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ da yanrìn kíkúnná sínú bàsíà fífẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dọ́gba, kí ẹ sì rọra bu omi tútù nini sí i. Ẹ yọ yìnyín náà, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí orí òkúta kọjú sí yanrìn, ẹ wá gbé e lé omi. Ibí ló gba sùúrù. Bí òkúta kò bá kan yanrìn, omi ti pọ̀ jù, ẹ bu díẹ̀ kúrò. Bó bá rì mọ́ yanrìn tí kò mira, omi kò tó, ẹ fi kún un. Ẹ fẹ́ kí òkúta kàn máa fi imú ha yanrìn ni.

Ẹ wá fi ẹnu fẹ́ ẹ, jẹ́ẹ́jẹ́. Á rìn! Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ilà á ti fà sínú yanrìn, etí rẹ̀ méjèèjì á ga díẹ̀ bí ebè kékeré. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn, ilà náà á ṣẹ́ kọ́nà. Irú kọ́nà bẹ́ẹ̀ wà ní Racetrack Playa.

Ti ibẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti inú bàsíà yìí o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, Richard Norris àti James Norris, olùwádìí méjì tí wọ́n jẹ́ ìbátan, fi ojú ara wọn rí òkúta níbi tó ti ń rìn. Omi ti dúró sórí ilẹ̀, òtútù òru sì ti mú kí ojú rẹ̀ dì. Yìnyín náà kò nípọn ju mìlímítà 3 sí 6 lọ. Nígbà tí oòrùn ràn, ó fọ́ sí pálébà-pálébà, atẹ́gùn ń ti yìnyín, yìnyín ń ti òkúta lórí amọ̀ tó ti rọ̀. Kò gbé òkúta sókè rárá. Mítà 2 sí 5 ni òkúta ń lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá dúró lókèèrè kò ní mọ̀ pé ó ń lọ.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé kò sí èyí tó lágbára nínú wọn: omi tí kò jìn, yìnyín bíi gíláàsì fèrèsé, atẹ́gùn tí kò lè ṣí fìlà lórí èèyàn. Kí gbogbo wọn pàdé lọ́jọ́ kan náà ló ṣòro, ọdún púpọ̀ sì lè kọjá kó tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ má tíì da ohun tó wà nínú bàsíà nù. Ẹ jẹ́ kí yìnyín yọ́, ẹ fi kànrìnkàn rọra fa omi kúrò, ẹ gbé e sóòrùn kí yanrìn gbẹ. Òkúta kan àti ilà kan ló máa kù. Ẹ pe ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe é, kí ẹ sì bi í pé ta ló wọ́ òkúta náà débẹ̀.