Bí A Ṣe Ń Yan Sípíríǹgì àti Ṣọ́ọ̀kì Ẹ̀yìn fún Ọkọ̀ Àtijọ́ tí A Fẹ́ Gbé Sókè

Ẹni tí ó bá ń wa Peugeot 504, Mercedes W123 tàbí Datsun 120Y ní Àbújá mọ ohun tí bọ́m̀pù ẹ́sítéètì ń fi ojú sàlẹ́ńsà rí, pàápàá nígbà tí ènìyàn mẹ́ta bá jókòó sẹ́yìn tí búùtù sì kún. Ohun tí ó sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé kí mẹkáníìkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sókè. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò kúrú tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde. 504, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1968, tí ilé-iṣẹ́ PAN (Peugeot Automobile Nigeria) sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975, di ààyò ní ojú ọ̀nà wa nítorí pé ó ga nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ní àyè púpọ̀ láti lọ sókè sódò. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń họ ilẹ̀ lónìí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ó ti rẹ sípíríǹgì rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a dá ọkọ̀ padà sí gíga tí ilé-iṣẹ́ fún un, kí a tó máa sọ̀rọ̀ àfikún.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wọn ọkọ̀ náà. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí epo kún tánkì, kí búùtù ṣófo, kí afẹ́fẹ́ táyà sì pé. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ láti orí jáàkì, ẹ wà á síwájú díẹ̀ kí ẹ sì fi rìfáàsì padà, nítorí pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kì í jókòó sí àyè rẹ̀ bí táyà kò bá yí. Láti àárín táyà dé etí fẹ́ńdà tí ó wà lókè rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, nítorí pé táyà tí ó tóbi ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, tàbí èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò pé, yóò tàn yín jẹ. Ẹ wọn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀. Bí ọ̀tún àti òsì ẹ̀yìn bá fi ju mìlímítà 10 lọ yàtọ̀ síra, ẹ wá sípíríǹgì tí ó ti ṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ tàbí ibi ìjókòó sípíríǹgì tí ó ti dógùn-ún, nítorí pé sípíríǹgì tuntun kò lè wo ibi tí irin bọ́dì ti jẹrà sàn.

Ohun kejì ni kí ẹ mọ irú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ọkọ̀ yín ní. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú 504 sàlúùnù ní ẹsẹ̀ tí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ dá dúró, kálukú pẹ̀lú sípíríǹgì lílọ́ tirẹ̀. 504 wágọ̀n, èyí tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó èrò láti ìlú dé ìlú, ní axle kan ṣoṣo tí ó so táyà méjèèjì pọ̀, sípíríǹgì lílọ́ méjì-méjì ni ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Píkọ́ọ̀pù 504 àti Datsun 120Y ń lo sípíríǹgì pẹlẹbẹ, èyí tí a to irin lé ara wọn. W123 dá dúró bíi ti 504 sàlúùnù, ṣùgbọ́n ó ní rọ́bà kan lórí sípíríǹgì tí ilé-iṣẹ́ ṣe ní oríṣiríṣi ìnípọn, tí wọ́n sì fi kókó kéékèèké sí lára: bí kókó náà bá ṣe pọ̀ tó ni rọ́bà náà ṣe nípọn tó. Ẹni tí ó ní W123 kò gbọdọ̀ ra sípíríǹgì kí ó tó ka kókó yìí, torí pé ó ṣeé ṣe kí rọ́bà nìkan yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ní ti Volkswagen Beetle, kò sí sípíríǹgì tí a ó rà; ọ̀pá irin tí ń lọ́ ni ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró, eyín 40 ní orí kan àti 44 ní orí kejì, yíyí àwọn eyín náà sì ni a fi ń gbé e sókè.

Mìlímítà 25 sí 40 ju gíga ti ilé-iṣẹ́ lọ ti tó fún ọ̀nà Àbújá àti ti àwọn ìlú tí ó yí i ká. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ kí ọkọ̀ dúró bí jíìpù, ṣùgbọ́n lórí ẹsẹ̀ tí ó dá dúró, bí ẹ̀yìn bá ṣe ń ga sí i ni orí táyà ń tẹ̀ síta, ẹ̀gbẹ́ ìta táyà yóò sì máa tètè jẹ tán. Ṣáàfù tí ó wọ inú táyà pẹ̀lú yóò máa ṣiṣẹ́ ní igun líle, rọ́bà tí ó bo gíríìsì rẹ̀ yóò ya, eruku ọyẹ́ yóò sì parí ìyókù.

Wàyí o, sípíríǹgì lílọ́. Nǹkan méjì ni ó ń pinnu gíga tí yóò fún yín: gígùn rẹ̀ nígbà tí kò ru ohunkóhun, àti líle rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹrù kílò 300 ni ó wà lórí sípíríǹgì kan, tí ó sì gba kílò 3 láti tẹ̀ ẹ́ wọlé ní mìlímítà 1. Yóò wọlé ní mìlímítà 100. Bí a bá fi èyí tí ó gùn bákan náà ṣùgbọ́n tí líle rẹ̀ jẹ́ kílò 3.6 rọ́pò rẹ̀, yóò wọlé ní nǹkan bíi mìlímítà 83, ìyẹn ni pé a ti jèrè 17. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì kì í sábà wà ní ọ̀kánkán táyà. Bí ó bá wà ní ibi ìdá 7 nínú 10 lára apá tí ó gbé táyà dúró, 17 yẹn yóò di nǹkan bíi 24 ní ẹsẹ̀ táyà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò rò ó báyìí, tí wọ́n fi rọ́bà mìlímítà 40 sábẹ́ sípíríǹgì, tí ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ta sókè bí ìrù àkekèé.

Bí ọkọ̀ bá ṣófo lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹ ń fi lọ síbi iṣẹ́ láti Kúbwà tàbí Lúgbẹ̀, ẹ mú èyí tí ó gùn díẹ̀ jù, kí líle rẹ̀ wà bí ti àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ń fi í kó ẹbí àti ẹrù lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Iléṣà fún ọdún, ẹ mú èyí tí ó le díẹ̀. Mo ní díẹ̀, nítorí pé ìnípọn irin kò fi eré ṣe: bí irin sípíríǹgì bá kúrò ní mìlímítà 12 tí ó di 13, tí gbogbo ìyókù sì wà bákan náà, líle rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá 38 nínú 100 pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ń fi ojú lásán yan sípíríǹgì ní ọjà kò lè rí ìyàtọ̀ mìlímítà kan yẹn, nítorí náà ẹ mú irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìnípọn irin dání.

Ní Páńtẹ́kà ní Kàdúná, ní Zuba, tàbí ní abúlé mẹkáníìkì Àpò, tòkunbọ̀ ni ẹ ó rí jù. Kò burú, bí ó bá jẹ́ pé méjèèjì ti ara ọkọ̀ kan náà wá tí àmì ọ̀dà ara wọn sì bára mu, nítorí pé ilé-iṣẹ́ máa ń fi ọ̀dà yẹn ya líle kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ẹ tò wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀ títẹ́jú kí ẹ rí i pé wọ́n gùn bákan náà. Ẹ wo orí àti ìdí wọn: èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú kò ní jókòó dáadáa sí ibi tí wọ́n ṣe fún èyí tí ìdí rẹ̀ ká wọnú. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìlọ́po rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí irin náà yí po, kí ẹ sì fi ìnípọn irin sọ ọ́ di púpọ̀. Ìlọ́po 8 pẹ̀lú irin mìlímítà 13 jẹ́ 104; sípíríǹgì náà kò lè kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ láéláé. Bí àyè tí ó kù fún un nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá kan sítọ́pà (rọ́bà tí ń dá ẹsẹ̀ dúró lókè) kò bá tó 104, irin yóò máa lu irin nínú kòtò gbogbo, ohun tí yóò sì ṣẹ́ lè jẹ́ ìjókòó rẹ̀ lára bọ́dì.

Ọgbọ́n kan wà tí ó wọ́pọ̀, tí mo kọ̀ pátápátá: rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ àárín ìlọ́po sípíríǹgì. Ó ń gbé ọkọ̀ sókè lóòótọ́, ó sì dínwó, ṣùgbọ́n ó dá ìlọ́po kan tàbí méjì dúró, ó sì gbé gbogbo iṣẹ́ lé ìyókù lórí títí tí ọ̀kan yóò fi ṣẹ́. Bákan náà ni sípíríǹgì gígùn tí wọ́n fi iná gáàsì gé: iná náà ti ba líle irin jẹ́ ní ibi tí ó kàn.

Ti pẹlẹbẹ kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ lè fi irin kan kún un, tàbí kí ẹ ra odindi tuntun. Èmi yóò yan odindi, bí owó bá wà. Alágbẹ̀dẹ tí ó bá fi iná pọ́n irin náà kí ó lè tẹ̀ ẹ́ padà yóò fún yín ní gíga tí kò ní pẹ́ rọ̀, àyàfi bí ó bá mọ bí a ti ń rẹ irin lẹ́yìn iná. Bí ẹ bá fi ìsokọ́ tí ó gùn sí i ní mìlímítà 50 sí ẹ̀yìn rẹ̀, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni axle yóò fi ga, torí pé orí kan ṣoṣo ni ẹ gbé.

Ṣọ́ọ̀kì kì í gbé ọkọ̀ sókè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ìmì sípíríǹgì dúró, nítorí náà gígùn ni ẹ fi ń yàn án. Ẹ yọ sípíríǹgì kúrò, kí bọ́dì wà lórí ẹsẹ̀ irin tí ó dúró ṣinṣin, kí ẹ má ṣe fọkàn tán jáàkì nìkan. Ẹ gbé ẹsẹ̀ táyà títí yóò fi tẹ sítọ́pà mọ́lẹ̀, kí ẹ wọn àlàfo tí ó wà láàárín ibi méjèèjì tí nọ́tì ṣọ́ọ̀kì ń wọ̀; ṣọ́ọ̀kì tí a tẹ̀ pa tán gbọ́dọ̀ fi mìlímítà 10 ó kéré tán kúrú ju èyí lọ, kí ó má baà di òun ni yóò máa gba ìkọlù. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀ dé ibi tí rọ́bà bírékì (èyí tí òróró bírékì ń gbà kọjá) àti ṣáàfù gbà láìfà. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ni ó ń dá ẹsẹ̀ dúró nísàlẹ̀. Bí ó bá ní mìlímítà 70 láti fi sọ̀kalẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì gbé ọkọ̀ sókè ní 40, 30 péré ni ó kù, ẹ ó sì máa gbọ́ gbàm̀ ní gbogbo ìgbà tí táyà bá wọ kòtò. Èyí tí ó gùn tó àfikún tí ẹ ṣe ni ẹ nílò, bí rọ́bà bírékì bá gbà bẹ́ẹ̀.

Bí sípíríǹgì bá le sí i, ṣọ́ọ̀kì náà gbọ́dọ̀ lágbára sí i nígbà tí ó bá ń nà. Onígáàsì dára fún ọ̀nà jíjìn bíi ti Lọ́kọ́já, ó sì máa ń ti ẹ̀yìn sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rà á nítorí ìyẹn. Ẹ yẹra fún èyí tí a ń fún ní afẹ́fẹ́ kí ó lè ru ẹrù. Ibi tí wọ́n so ṣọ́ọ̀kì mọ́ lára bọ́dì àtijọ́ kì í ṣe ibi tí wọ́n ṣe fún ìwọ̀n ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ olóyìlì, ẹ dá a dúró lóòró, kí ẹ fà á kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde kí ẹ tó so ó.

Ẹ má ṣe dé àwọn nọ́tì búùṣì (rọ́bà tí ó wà níbi tí ẹsẹ̀ ti so mọ́ ọkọ̀) pa nígbà tí táyà ń rọ̀ lófuurufú. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ìwọ̀n rẹ̀ wà lórí táyà, kí ẹ tó fún wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà búùṣì yóò máa lọ́ ní gbogbo ìgbà, yóò sì ya. Ẹ wa ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí sípíríǹgì lè jókòó, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ sì ṣe àláínmẹ́ǹtì. Lára wágọ̀n àti píkọ́ọ̀pù tí ó ní fáálù bírékì tí a so mọ́ axle, èyí tí ń fi ẹrù díwọ̀n agbára bírékì ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún okùn rẹ̀ ṣe, nítorí pé ẹ̀yìn tí ó ga yóò mú kí fáálù náà rò pé ọkọ̀ ṣófo, yóò sì dín bírékì ẹ̀yìn kù nígbà tí ẹrù wà. Ẹ wo iná iwájú pẹ̀lú: bí ẹ̀yìn bá ti ga, ilẹ̀ ni iná náà yóò máa tàn sí, ṣíkúrù tí ó wà lẹ́yìn iná kọ̀ọ̀kan ni a sì fi ń gbé e padà sókè.