Bí A Ṣe Ń Fi Owó Kékeré Lọ Ṣiṣẹ́ ní Oko Àjọdá Nítòsí Abẹ́òkúta

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe àwọn ará oko náà, ìyẹn àwọn tó jọ dá a. Ẹ bèèrè iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ibi tí ẹ ó sùn, àti bóyá iṣẹ́ yín lè dípò owó oúnjẹ.

Láti Èkó, rélùwéè rọrùn, àmọ́ ibùdó Wọlé Ṣóyínká ní Laderin jìnnà sí àárín ìlú. Ẹ ya owó ọ̀kadà sọ́tọ̀, kí ẹ sì dúnàá dúrà kí ẹ tó gùn ún. Tí oko bá wà lọ́nà Ọdẹ́dá, mọ́tò Ìbàdàn ni kí ẹ wọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ tètè dé, pàápàá lásìkò òjò tí ọ̀kadà máa ń rì sínú ẹrẹ̀.

Ẹ mú bàtà òjò, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti tọ́ọ̀ṣì. Iyọ̀ àti ọṣẹ yẹ lẹ́bùn ju búrẹ́dì lọ. Wọn kì í bàjẹ́.

Ìdí ajílẹ̀ ni kí ẹ dúró sí jù, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ewé gbígbẹ garawa mẹ́ta sí ìgbẹ́ adìyẹ garawa kan, kí òkìtì ga tó mítà 1. Ẹ wọ́n omi sí i. Tí ẹ bá fún ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ̀kán díẹ̀ péré ló yẹ kó jáde. Tó bá ń rùn bí ìtọ̀, ìgbẹ́ ti pọ̀ jù, ẹ fi ewé kún un. Tí kò bá gbóná láàárín ọjọ́ márùn-ún, omi kò tó tàbí òkìtì ti kéré jù. Ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sídìí ẹ̀fọ́: á jó gbòǹgbò rẹ̀, kòkòrò àrùn inú rẹ̀ sì lè bá ewé dé inú ìkòkò.